Orísun Ọ̀rọ̀ Tí À Ń Tà Lẹ́bàá Márosẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èrò tó ń tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa sọ́nà lóde òní, kò dìgbà tó bá wọ yunifásítì. Kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàárín Ìbàfò àti Mówè, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí Kánpù Rìdíìmù bá ti há mọ́ra. Àwọn ọmọ tó ń ta gàlá àti omi tútù á máa sáré láàárín ọkọ̀, àwọn tó ń tàwé á sì máa sáré tẹ̀lé wọn. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: Think and Grow Rich ti Napoleon Hill, tó jáde ní 1937, The Power of Positive Thinking ti Norman Vincent Peale, tó jáde ní 1952, Rich Dad Poor Dad ti Robert Kiyosaki, tó jáde ní 1997, àti àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí Kenneth Hagin kọ lórí ìgbàgbọ́. Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Ọ̀rọ̀ inú wọn ti wọ̀ wá lẹ́nu débi pé ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní gáréèjì Ìbàfò á kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé ohun tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ni yóò rí. Ilẹ̀ tó gba irúgbìn náà kò ṣàjèjì, nítorí Yorùbá ti gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára kí òyìnbó kankan tó dé. Ṣùgbọ́n irúgbìn náà ní oko tí wọ́n ti mú un wá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì bìkítà láti béèrè oko náà.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má tà wọ́n. Mò ń tà wọ́n, àwọn ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ìdájì ọ̀rọ̀ là ń gbọ́. Àríyànjiyàn ńlá kan ti ń lọ láàárín àwọn onírònú Amẹ́ríkà láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìwé ẹ̀bá ọ̀nà sì jẹ́ ohùn apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Àwọn tó dá wọn lóhùn wà nínú páálí ìwé àlòkù kan náà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sì sí ẹni tó ń gbé wọn sáré láàárín ọkọ̀.

Ìfọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé títà, nítòsí rélùwéè, nígbà tí àwọn tíṣà, òṣìṣẹ́ ojú irin àti àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe GCE ṣì jẹ́ oníbàárà tó gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ìwé tuntun láti òkè òkun kúrò ní ohun tí tíṣà lè fi owó oṣù rà. Ìwé àlòkù ló gba ipò rẹ̀. Inú kọ̀ǹténà ló ń bá wọlé, páálí páálí ni wọ́n ń tà á fún àwa tí a ń pín in kiri, ẹni tó rà á kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi tó bá tú u. Lẹ́yìn náà ni Èkó kún àkúnya, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé hù láti Ìbàfò dé Mówè níbi tí oko wà tẹ́lẹ̀, mo sì kó ọjà mi tẹ̀lé àwọn èèyàn.

Ẹni tó ń ta ìwé tuntun, ohun tó mọ̀ pé yóò tà ló ń béèrè fún. Páálí ìwé àlòkù kò mọ ohun tí o fẹ́. Ó ń kó ohun tí ilé ìkàwé kan tú dànù wá, èyí tí ẹnikẹ́ni ní Mówè kò béèrè, ìgbà mìíràn sì wà tí ohun tí a kò béèrè yẹn jẹ́ ohun tí a ṣaláìní. Báyìí ni Ralph Waldo Emerson, ọ̀kan nínú àwọn onírònú Amẹ́ríkà yẹn, ṣe dé orí tábìlì mi.

Mo rántí ẹ̀dà kan dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ líle, aláwọ̀ ewé, ti ṣá. Wọ́n lẹ àpò pélébé kan mọ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀, káàdì tí wọ́n ń tẹ ọjọ́ ìdápadà sí ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti pẹ́ ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá mi ra ìwé lọ. Lójú ìwé àkọ́kọ́, ilé ìkàwé ìlú kékeré kan fi òǹtẹ̀ pupa tẹ̀ ẹ́ pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àwọn. Etí ìwé ló fà mí mọ́ra jù, nítorí ẹni méjì ti kọ nǹkan síbẹ̀. Ọ̀kan fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ibi tí Emerson ti ní kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé òótọ́ ni. Èkejì fi báírò búlúù dá a lóhùn: ẹrú tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ńkọ́, ta ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé? Mo yá ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní Ìbàfò ní ìwé náà. Nígbà tó dá a padà, ó ti fi báírò dúdú kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti àwọn méjèèjì, ní Yorùbá: ta ló pọ̀n ọ́?

N kò pa á rẹ́, n kò sì ta ìwé yẹn mọ́. Gbólóhùn kékeré yẹn fi hàn mí pé ìwé náà ti bá ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ kó bá. Ọkùnrin náà kò gbọ́ orúkọ Josiah Royce rí, síbẹ̀ ohun tí Royce fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ Harvard ló sọ, pé kò sí ẹni tó dá nìkan di ènìyàn. John Dewey, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Vermont ní 1859, gbé ọ̀rọ̀ kan náà dé kíláàsì. Nínú Democracy and Education tó jáde ní 1916, ó ṣàlàyé pé ohun tí a jọ ń dáwọ́ lé ló ń kọ́ wa lọ́gbọ́n. Igi kan kì í dá igbó ṣe, Yorùbá ti dá ẹjọ́ yẹn tipẹ́.

Síbẹ̀, ó yẹ ká gbọ́ ti Emerson dé òpin. Ní 1837, nígbà tó dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà ti gba òmìnira fún ọdún 61. Wọ́n ti lé ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìṣe Gẹ̀ẹ́sì àti ojú tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo ayé ṣì wà lórí àga. Ohun tó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ara wọn ronú. Ẹni tó ń dá dúró níwájú ọ̀gá tó ti jẹ gàba lé e lórí kò jọ ẹni tó kẹ̀yìn sí ẹbí rẹ̀. Nàìjíríà pé ọdún 61 ní 2021. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí a bá ọ̀rọ̀ yẹn dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ka Emerson mọ́ àwọn òǹkọ̀wé tó ń kà nígbà tó ń fi ìwé kọ́ ara rẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1960.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Emerson yẹn ni ogun dé, ibí yìí sì ni ìtàn náà ti gbà mí lọ́kàn jù. Láti 1861 sí 1865, àwọn ará Amẹ́ríkà pa ara wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹrú títí òkú fi lé ní 600,000. Ìhà méjèèjì ló ń gbàdúrà sí Ọlọ́run kan náà, tí wọ́n ń ka Bíbélì kan náà, tó sì dá ìhà kọ̀ọ̀kan lójú gbangba pé òun ló jàre. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oliver Wendell Holmes fara gbọgbẹ́ nígbà mẹ́ta lójú ogun yẹn; ó padà di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà. William James, tó padà di onímọ̀ ìjìnlẹ̀, kò lọ sógun, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kan lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti Massachusetts, ó sì fara gbọta níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, Holmes, James, Charles Sanders Peirce àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn díẹ̀ ń pàdé ní Cambridge ní 1872 láti jiyàn. Louis Menand kọ ìtàn wọn sínú The Metaphysical Club ní 2001, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún kejì. Ohun tó fi yé mi ni pé ẹ̀rù ìdánilójú àṣejù tó lè sọ ènìyàn di apànìyàn wà lára ohun tó bí ìrònú wọn. Peirce kọ ọ́ ní 1878 pé bí o bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ èrò kan, wo ohun tí yóò yọrí sí nínú ìṣe. James sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́ nínú Pragmatism, ní 1907. Kí ènìyàn di èrò rẹ̀ mú, kó fi ṣiṣẹ́, kó sì yọ̀ǹda rẹ̀ bí ayé bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwa náà mọ ohun tí ogun ń ṣe sí ọkàn àwọn tó bá a là. Samuel Johnson, tó wà nínú àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, jókòó kọ ìtàn Yorùbá, ó parí rẹ̀ ní 1897, ó sì di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí ó tó jáde. Bí mo bá ń ta Johnson, mo máa ń gbé James sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọjà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹni tó wá ra ọ̀kan bi mí léèrè èkejì ni.

James yìí ló mú mi padà sí ìwé ẹ̀bá ọ̀nà. Ní 1901 àti 1902, ó lọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn ní Edinburgh, àwọn àsọyé náà sì di The Varieties of Religious Experience. Ó rí àwọn kan láyé ìgbà rẹ̀ tó ń kọ́ni pé èrò rere ń wo àìsàn, pé kí ènìyàn kọ̀ láti gba ibi láàyè lọ́kàn. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jẹ́rìí sí i pé àwọn èèyàn ń rí ìwòsàn lọ́dọ̀ wọn, ó tọ́ka sí ibi tí èrò wọn ti ṣàn wá, ó sì ka Emerson mọ́ ọn. Láti inú ìṣàn yẹn ni ẹ̀kọ́ Hill àti Peale ti jáde; àwọn tó ṣèwádìí sì ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ohun tí Hagin kọ ló gbà lọ́wọ́ E. W. Kenyon, oníwàásù kan tó dàgbà nígbà tí ìṣàn náà ń kún. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń kéde ọlà lórí ara rẹ̀ nínú dáńfó láàárín Mówè àti Bágà, ìṣàn èrò kan tó kọjá ní Concord, ìlú Emerson, àti Boston ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n James kò dúró síbẹ̀. Nínú ìwé kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn, àwọn tí ẹ̀rín àti èrò rere kò tó fún, nítorí pé ibi wà láyé ní tòótọ́, ẹ̀kọ́ tó bá sì sẹ́ ẹ kò tíì rí gbogbo ayé tán. Obìnrin kan wà tó máa ń bá mi ra ìwé àṣeyọrí dáadáa. Ọmọ rẹ̀ kú. Ó ti gbàdúrà, ó ti kéde, ó ti fi ẹnu pè é bí ìwé ṣe ní kó pè é, àwọn kan sì wá sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Nígbà tó padà wá, kò ra nǹkan kan, ó kàn dúró síwájú tábìlì. Mo ṣí ìwé James sí ibi ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kàn àìsàn, mo ní kó jókòó sórí àga mi kó kà á. Ó kà á títí oòrùn fi yípo dé ara rẹ̀, mo sún agboòrùn bò ó. Ohun tó sọ nígbà tó dìde ni pé, Bàbá oníwèé, ẹni yìí mọ ohun tó ń ṣe mí. Òyìnbó tó kú ní 1910 ni. Iye tí mo rí lórí ìwé yẹn kò tó owó ọkọ̀ láti Mówè dé Ìfọ̀, síbẹ̀ n kò mọ ọjọ́ mìíràn tí iṣẹ́ yìí wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Wòlíì ìjọ kékeré kan tún bi mí léèrè bóyá onígbàgbọ́ ni James. Mo ní kó kà á, kó sọ fún mi. Ó ṣì ń kà á.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí ló kan Yorùbá kan ìrònú àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà, ṣé a kò ní Ifá ni? A ní in. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìrònú Amẹ́ríkà kò sì fìgbà kan jẹ́ ti òyìnbó nìkan. W. E. B. Du Bois, ọmọ dúdú, jókòó níwájú James ní kíláàsì ní Harvard, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1895, ó sì kọ The Souls of Black Folk ní 1903. Accra ló kú sí ní 1963, ilẹ̀ Ghana ló sì gbà á. Alain Locke, ọmọ dúdú mìíràn tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Harvard, di olùkọ́ ní Howard, ó sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Nàìjíríà lọ, Nnamdi Azikiwe. Azikiwe padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1934, ó dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní 1937, ìwé ìròyìn yẹn sì wà lára ohun tó tú ìjọba òyìnbó níṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ ka ìlà ìran náà: Emerson, James, Du Bois, Locke, Azikiwe. Ó ti wọ ilé wa láti ìgbà ayé àwọn bàbá wa, àìmọ̀ wa ló jẹ́ ká máa pè é ní àlejò.

Wọ́n sì ti ń ka tiwa náà. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1850, ó gbé Abẹ́òkúta, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ sì jáde láti ọwọ́ Smithsonian ní Washington ní 1858. Emerson àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, òǹkọ̀wé Henry David Thoreau, ṣì wà láyé nígbà náà.

Ti Thoreau yìí ní ìtàn tirẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1846, ó kọ̀ láti san owó orí nítorí ó ní òun kò ní í fi owó òun ti ìjọba tó fàyè gba òwò ẹrú lẹ́yìn, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, ẹnì kan bá a san án, wọ́n tú u sílẹ̀. Àròkọ tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1849, Gandhi kà á, Martin Luther King náà kà á. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn àròkọ yẹn, ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣíwájú wọn, ti kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò san owó orí mọ́. Mo sọ ìtàn Thoreau fún ìyá arúgbó kan ní Ìfọ̀, tí ìyá tó bí i wà nínú àwọn tó dó ti àfin. Ó gbọ́ ọ parí, ó bi mí pé: òru kan ṣoṣo?

Ìdí nìyí tí n kò fi í bá àwọn tó ń fi ìwé òyìnbó dójú ti àwọn àgbà wa rìn. Àwọn ìyá yẹn kò ka Thoreau, wọ́n sì ṣe jù ú lọ. Ohun tí Thoreau ṣe tiwọn kò ṣe ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, ó jẹ́ kí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn lè gbé e yẹ̀ wò kó sì bá a jiyàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n bá fi àmì sí ni àlejò lè tọ̀.

Táí Sólàrín mọ èyí. Nígbà tó fi ipò ọ̀gá ilé ìwé sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, tó sì dá ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, Mayflower ló sọ ọ́, orúkọ ọkọ̀ òkun tó gbé àwọn tó ń sá fún ìfipámúni-ṣẹ̀sìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń roko, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ń lò. Èmi gbà pé Dewey ìbá dúró wò wọ́n pẹ̀lú ayọ̀.

Ìpàdé tó jinlẹ̀ jù láàárín ìrònú Amẹ́ríkà àti tiwa, Ifẹ̀ ló ti wáyé. John Olúbí Ṣódípọ̀, tó dá ìwé àtìgbàdégbà Second Order sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1972, tó sì padà di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè, fi ọwọ́ so pọ̀ mọ́ Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbé ìbéèrè Quine, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Harvard, lórí bí a ṣe lè túmọ̀ èrò láti èdè kan sí òmíràn, lọ́wọ́, wọ́n sì lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì. Wọn kò lọ gba ewé àti egbò. Wọ́n lọ bá wọn ronú gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Ìwé wọn, Knowledge, Belief, and Witchcraft, jáde ní 1986. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, Quine fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i.

Ohun tí àwọn oníṣègùn náà sọ kò jẹ́ kí n sùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun nìkan ló lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹni náà níyì tó, ìgbàgbọ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀ wò. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lé òṣùwọ̀n, gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ ayé mi tà, ìròyìn ni. Emerson níyì tó, ìròyìn ni. Kiyosaki náà, ìròyìn ni. Ohun tó sì wú mi lórí ni pé Emerson gan-an kìlọ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní 1837 pé kí wọ́n má sọ ara wọn di ẹrú ìwé, Peirce àti James sì fi gbogbo ayé wọn sọ pé kí á fi ìgbàgbọ́ wa sí ẹnu iṣẹ́ kí á tó búra fún un. Àgbà oníṣègùn ní Èkìtì àti James, dókítà òyìnbó ní Massachusetts, kò ríra rí, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú ẹjọ́ yìí. Ìwé tó bá ní kí o gbà kí o má béèrè, òun ló dá wà.

Ìdájọ́ mi nìyí lórí ìwé ẹ̀bá márosẹ̀. Iṣẹ́ àṣekára àti ìrètí tó wà nínú wọn dára. Àléébù wọn ni pé wọ́n ti gbé ìdánwò kúrò. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣẹ, ìwé ló jàre. Bí kò bá ṣẹ, ìwọ ni ìgbàgbọ́ rẹ kò tó. Ẹ̀kọ́ tí kò lè jẹ̀bi láé, kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Peirce ìbá kọ̀ ọ́, àwọn oníṣègùn Èkìtì náà ìbá kọ̀ ọ́.

Nísinsìnyí, fóònù ti ń gba ọjà lọ́wọ́ páálí. N kò bá a jà. Ọmọ tó bá ní dátà lè ka Emerson, Frederick Douglass, ẹrú tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀ tó sì di òǹkọ̀wé, àti James lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ìwé wọn ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù ń gbé wá fúnra rẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo lórí àwòrán òdòdó, tí wọ́n kọ orúkọ Emerson sí, nígbà mìíràn tí Emerson kò sì sọ ọ́ rí. Kò ní etí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí. Kò sí ẹni tó fi báírò búlúù béèrè nípa ẹrú, kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó pọ̀n ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àti ẹ̀gbọ́n ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, tí wọ́n ń di ẹrù ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Àwọn ilé ìkàwé tó wà ní àdúgbò wọn máa ń ta ìwé tí wọ́n bá yọ kúrò ní owó pọ́ọ́kú. Kí wọ́n fi díẹ̀ há àárín aṣọ àti bàtà: Douglass, Du Bois, James, Dewey, àti èyí tí ẹnikẹ́ni ti kọ nǹkan sí etí rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ìfọ̀ yọ̀ǹda yàrá kan ṣoṣo fún wa láti fi ṣe ilé ìkàwé, àti àwọn ìjọ ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà yìí, tí ilẹ̀ wọn tó ilẹ̀ ìlú, kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi yóò gbé Emerson aláwọ̀ ewé yẹn wá fún pẹpẹ àkọ́kọ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sí i lára.